Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Kàn Ọ́

Òkè-Ṣopẹn,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
9 Fẹ́búárì, 1959.

Mary ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níhìn-ín, àmọ́ eruku rẹ̀ ṣì bo gbogbo nǹkan, títí kan Bíbélì mi. Àlàáfíà ni mo wà, bí èèyàn bá lè pe èyí ní àlàáfíà. Obì ò lówó lórí lọ́dún yìí, àwọn Gàmbàrí tó ń rà á ń fojú di wá. Abibat aya Hàmídù, aládùúgbò wa, ní kí n bá òun kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ rẹ wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó mu omi mi, ó wá tú lẹ́tà Olúsànyà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tú ẹrù olè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé o ṣubú níbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ, pé ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé ọ lọ sí ọsibítù. Èmi tí mo bí ọ, ẹnu àna mi ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ! Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ kọ́ ló sì gbé obìnrin náà wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ó ní ọdún kẹrin rèé tí ọmọ òun ti gbé ọ níyàwó, pé ẹ̀yìn yín ni Adéfọlá àbúrò Olúsànyà ṣègbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ sì ti bí méjì. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá Mary, ṣé kò sí ohun tí ọmọ yín ṣe sí ara rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́?" Ojú tì mí. Ní báyìí, èmi náà ń bi ọ́. Ṣé o mu nǹkan kan nígbà náà? Ṣé ẹnì kan bá ọ yọ oyún? Bí o bá ṣe é, jẹ́wọ́. Wòlíì Àkànjí ní òun rí ilẹ̀kùn kan tó tì níwájú rẹ lójú ìran, pé ìwọ fúnra rẹ lo sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

A ń gbààwẹ̀ fún ọ ní ilé àdúrà. Mo fi òróró rán Bùsúyì, ọmọ Òjòwò tó ń bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lọ́dọ̀ yín. Fi pa abẹ́ ìdodo rẹ, kí o máa ka Sáàmù sí i. Má fi oògùn òyìnbó kankan kún un. O mọ òfin ìjọ wa. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ọkọ̀ méjì, inú omi ló ń bọ́ sí.

Má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel.


Lọ́ńdọ́nù,
2 Máàṣì, 1959.

Yèyé mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti ń wọ inú egungun wá. Bùsúyì dé. Ìgò òróró dé, kò fọ́. Lẹ́tà yín náà dé, ọkàn mi ló fọ́.

Rárá, Yèyé. N kò mu nǹkan kan, n kò lóyún rí, débi tí ẹnì kan yóò bá mi yọ ọ́. Àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè yìí kan náà ló kó ẹ̀bùn ìbálé mi wá fún yín, tí ẹ jó yí àgbàlá po. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, àbí ẹnu ìyá Olúsànyà ló dùn ju ojú yín lọ?

Ẹ ní kí ló dé tí n kò sọ fún yín. Ìgbà tí mo sọ fún yín rí, kí lẹ fi dá mi lóhùn? Ọmọ sukúù ni mí ní Òjòwò nígbà tí ìrora yìí kọ́kọ́ mú mi. Mo wá bá yín níbi tí ẹ ti ń ṣa obì, mo ní, "Yèyé, inú ń ya mí bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya." Ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ ní, "Fi eyín mú ìṣẹ́tí aṣọ. Má jẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbọ́." Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi eyín mú aṣọ.

Tí nǹkan oṣù mi bá kù díẹ̀ kó dé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á mú mi lábẹ́ inú, á gba ẹ̀yìn, á sọ̀ sí itan. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òógùn á bò mí nínú òtútù, àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á ní ọ̀lẹ ni mí. Mo máa ń ka "Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi." Tí mo bá dé inú àfonífojì, n kì í lè kọjá ibẹ̀.

Dókítà tó ń wò mí, obìnrin ni. Wọ́n ti là mí wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ohun tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ mi nìkan ló ti hù jáde sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti lẹ ìfun mọ́ra, tí ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú mi. Ó ní oyún ò ní dúró níbẹ̀ láé. Ó ní bí mo bá fẹ́ ìsinmi, wọ́n máa yọ ilé ọmọ náà kúrò. Mo bi í bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kò sí.

Olúsànyà ló máa fọwọ́ sí ìwé. Kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àárín gbùngbùn ilé ló ń rìn sókè rìn sódò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé èyí lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Àkànjí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín: "Máa lọ, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ."

Ọmọ yín,
Mary.


Òkè-Ṣopẹn,
16 Máàṣì, 1959.

Mary,

Mo kí ọ. N kò rójú kí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́. Mo tún un sọ: má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́.

O rò pé ìwọ ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe láyé. O rò pé o lè jókòó síbẹ̀ kí o máa ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí mi lọ́rùn nítorí mo ní kí o fi eyín mú aṣọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ kí n tó bí ọ, kò sì sí oṣù kan nínú rẹ̀ tí n kò fi ìrora yí lórí ẹní. Ibi tí o ní ó ń mú ọ yẹn, ibẹ̀ náà ló ń mú mi: abẹ́ inú, ẹ̀yìn, itan. Ìyá ọkọ mi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀." Tí mo bá ń lọ ra ẹja ní Ìwopin nígbà náà, ọ̀já ni mo fi ń di ikùn gírígírí kí n tó lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní kí bàbá rẹ lé mi. Wọ́n ní igi tí kò so, iná ni wọ́n ń fi dá. Nígbà tí mo dé ilé àdúrà, tí wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, o dé.

Ká ní òyìnbó kan ti fi ọ̀bẹ yọ ilé ọmọ mi nítorí pé ó ń dùn mí, ta ni ì bá jókòó ní Lọ́ńdọ́nù lónìí tí yóò máa kọ̀wé ìkà sí mi?

Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni mo sọ fún ọ. Eyín tí mo fi mú aṣọ ló bí ọ.

Tèmi ò sì lọ nígbà tí nǹkan oṣù mi dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, ibẹ̀ ló kọ́lé sí. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ nílé àdúrà, mo ṣì ń kó obì lọ sọ́jà. Ta lo gbọ́ tí mo ké sí?

Lọ́la ni mo ń lọ sí Ìwopin lọ gbàdúrà létí omi nítorí rẹ. Kí n tó dé, kí o ti sọ fún dókítà yẹn pé ìyá rẹ ní rárá. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n ṣe é, má pè mí ní ìyá mọ́.

Rachel.


Lọ́ńdọ́nù,
14 Épírì, 1959.

Yèyé,

Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ èyí, ẹ má wo bí ọwọ́ ṣe rí. Olúsànyà fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán ni lẹ́tà yín dé. Olúsànyà fi sápò kò fi hàn mí, àfi ìgbà tí mo lè jókòó. Òun náà ti kà á. Ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ mi, ó jáde.

Mo fi òróró yín pa ikùn kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. N kò bá a jà. Mo gbàdúrà tèmi lábẹ́ iná tí wọ́n tàn sí mi lójú, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Yèyé! Ẹ mọ̀! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ mọ bó ṣe ń dùn! Mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run dá lóró bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ohun àbùkù kan wà lára mi tí kò sí lára obìnrin mìíràn. Orí ẹní kan náà ni a jọ ń sùn. Èmi ń fi eyín mú aṣọ tèmi, ẹ̀yin ń fi eyín mú tiyín, tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó kí ara wa pé ṣé dáadáa la jí. Kí ni ì bá ná yín kí ẹ sọ fún mi pé, "Ó ń ṣe èmi náà"? Gbólóhùn kan. Ì bá ti gbé mi ró.

Ẹ ní eyín tí ẹ fi mú aṣọ ló bí mi. Irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ìrora ò bí nǹkan kan, ṣe ló fẹ́ pa yín, tí kò rí yín pa.

Ẹ má rò pé mo jó jáde ní ọsibítù. Wọ́n tẹ́ mi sí yàrá tó kángun sí ti àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilẹ̀kùn kan ló là wá láàárín, gbogbo òru ni mo ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Mo sunkún títí ojú ibi tí wọ́n rán lára mi fi fẹ́ já. Ẹ̀yin ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà yín ni mo rí.

Mary.


Òkè-Ṣopẹn,
1 Méè, 1959.

Sí Mary, aya Olúsànyà.

Mo gba ìwé rẹ. Mo ní ọmọ kan. Mo sìn ín lọ sébùúté, ó wọ ọkọ̀ òkun, kò padà.

Má kọ̀wé sí mi mọ́.

Rachel.


Lọ́ńdọ́nù,
28 Júùnù, 1959.

Yèyé,

Ẹ lè fi èyí dáná, n ó ṣáà kọ ọ́.

Olúsànyà ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ òun ń bọ̀, pé òun fẹ́ ibi tó dákẹ́. Ilé wa náà dákẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló kù síbẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìrora náà ò sì bá mi padà síbẹ̀.

A ní ẹgbẹ́ àdúrà kan níhìn-ín, àwa obìnrin tó ti ilé wá, nínú yàrá kan lọ́jọ́ Sunday. Mo lọ. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde kan dìde, ó ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé ẹnì kan wà láàárín wa tó ta ẹ̀bùn Ọlọ́run nù, kó jáde wá jẹ́wọ́. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Mo dìde, mo ní, "Màmá, ọ̀fun ló ń dun ẹ̀yin láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ sì ń lo oògùn ikọ́. Ta ni kó jẹ́wọ́ nínú àwa méjèèjì?" Mo bínú jáde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà síbẹ̀, mo jókòó. N kò níbòmíràn tí mo ti lè gbọ́ orin wa.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àdúrà. Ẹ wá dákẹ́ sí mi lórí, bí ẹni tó ti òkú ọmọ mọ́ yàrá. Ó dáa. N kò tíì kú o.

Mary.


Lọ́ńdọ́nù,
13 Sẹ̀tẹ́ḿbà, 1959.

Yèyé,

Bùsúyì gba lẹ́tà láti Òjòwò. Wọ́n ní ẹ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ọjà, pé ẹ ò lè dá dìde. Ṣé òótọ́ ni?

N kò bẹ̀bẹ̀. N kò ní ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Mo kàn ń béèrè ni.

Mary.


Òkè-Ṣopẹn,
22 Nòfẹ́ḿbà, 1959.

Mary,

Òótọ́ ni. Ìbàdí ló yọ mí sílẹ̀. Abibat ló gbé mi délé, ó gbé omi kaná, ó ń fi aṣọ gbígbóná jó mi níbẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó ń jó mi lọ́wọ́ ni mo sọ ohun tí o ṣe fún un. N kò tíì sọ fún ẹnì kankan ṣáájú rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró, ó ní, "Rachel, ṣé ọmọ náà yè?" Mo ní ó yè. Ó ní, "Alihamudulilai. Kí lo wá ń bínú sí?" Mo lé e jáde nílé mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé omi gbígbóná dé bí ẹni tí wọn ò lé rí.

Àwọn àna rẹ wá. Ìyá Olúsànyà àti Zechariah, àbúrò bàbá rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn ti rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúrẹ̀mí, pé ọkọ̀ òkun ọdún tuntun ni yóò wọ̀ wá bá Olúsànyà. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ kí o gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, kí o má sọ ilé ọkọ di ojú ogun. Mo ní wọ́n lè fẹ́ ogún ìyàwó fún ọmọ wọn, àmọ́ wọn ò rí mi rán níṣẹ́ yẹn. Mo ní, "Olúsànyà ló fọwọ́ sí ìwé ọsibítù. Bí kò bá fẹ́ Mary mọ́, kó fi ọwọ́ kan náà kọ ọ́ sílẹ̀, kó má fi mí bojú." Zechariah ní, "Ìyá Mary, àgàn lẹ ń gbèjà yìí?" Mo fi ọ̀pá mi tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà fún un. Wọn ò dágbére.

Má tíì máa yọ̀. Gbọ́ èyí tó kù.

Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti ń gbàdúrà nílé àdúrà pé kí Olúwa ṣí ilé ọmọ Mary. N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbàdúrà, èmi á ṣe àmín. Lọ́jọ́ Ìkórè, Wòlíì Àkànjí ní kí gbogbo obìnrin kúnlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ yìí, kí a máa pariwo títí ọ̀run yóò fi dáhùn. Gbogbo wọ́n kúnlẹ̀. Èmi náà fẹ́ kúnlẹ̀, ìbàdí mi kọ̀. Mo fẹ́ ṣe àmín, òun náà kọ̀ kò jáde. Kí n tó mọ̀, mo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ilé ọmọ Mary ò sí mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, nítorí ó fẹ́ pa á. Ẹ má fi ohùn yín ṣòfò. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbàdúrà kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jiná, kí ó má dá nìkan wà. Kí ẹ wá gbà fún èmi náà, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń kúnlẹ̀ níhìn-ín tí mo sì ń jẹ̀rora, tí ẹ ń pè mí ní akínkanjú."

Wòlíì ní, "Ìyá Mary, ẹ jókòó."

Mo ní, "Jíjókòó náà gan-an ni mo fẹ́. Ẹ bá mi gbé àga wá."

Kò sẹ́ni tó mira, àfi Ìbíkẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó gbé àga tirẹ̀ wá, ó dúró tì mí.

Wọ́n ti gba ipò olórí ẹgbẹ́ obìnrin lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni kí n máa jókòó. Mo ń lọ síbẹ̀, mo ń jókòó lẹ́yìn. Ọlọ́run tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò jókòó síwájú jù wá lọ.

Ìbíkẹ́ tọ̀ mí wá nílé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi aṣọ dúdú bò ó, ó ń kọrin. Ó bi mí ní ohun tí èèyàn máa ń sọ fún dókítà, nítorí ojú ń tì í. N kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo mọ̀. Kọ ọ́ wá ní Yorùbá tó já geere, kó lè fúnra rẹ̀ kà á.

Èmi ṣì ń bínú sí ọ. Má ṣe àṣìṣe lórí ìyẹn. Tí mo bá rí ọmọ lẹ́yìn ẹlòmíràn, inú mi a máa ru sí ọ, ó sì lè máa ru bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú. Lẹ́tà tí o kọ sí mi lórí ibùsùn yẹn, ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Láàárọ̀, nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú, tí o ò tíì yí ara padà, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ibi tó ń dùn ọ́? Báwo ló ṣe máa ń rí? Má kánjú sọ ọ́. Sọ ọ́ fún mi dáadáa, nítorí n kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ,
Rachel.